Bátìrì Kọ́ Ló Kú: Àwo Mẹ́ta Àkọ́kọ́ Ẹgbẹ́ Os Mutantes

Ẹni tó bá dàgbà nílé tí wọ́n ti ń fi bátìrì gbọ́ rédíò kásẹ́ẹ̀tì mọ ohùn yẹn. Orin á máa lọ geere, olórin á máa kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ṣàdédé, ohùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, á di ti arúgbó, á di ti ẹni tí oorun ń kùn, á wá máa fà títí yóò fi dákẹ́. Ẹnì kan á ní, "Bátìrì ti kú o!" Àwa ọmọdé á yọ bátìrì náà, a ó sá a sóòrùn lójú fèrèsé, bóyá yóò tún rí agbára díẹ̀ tó bá di ìrọ̀lẹ́.

Ohùn yẹn gan-an ni mo gbọ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fetí sí orin kan tí wọ́n ń pè ní "Panis et Circenses". Fóònù ni mo fi ń gbọ́ ọ, mo ki àfikétí bọ etí méjèèjì, iná ti lọ, gbogbo ilé ti sùn. Ọmọbìnrin kan àti ọkùnrin méjì ń jùmọ̀ kọrin, kàkàkí òyìnbó ń dá wọn lóhùn bí ìgbà tí ọba ń bọ̀ lọ́nà. Wọ́n kọ ọ́ dé ibì kan, orin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ó wúwo, ó fà, ó dákẹ́. Mo gbé fóònù sókè, mo wò ó. Bátìrì ṣì kún. Kí n tó mọ èyí tí màá ṣe, orin ti ta jí padà, eré ló sì ń sá lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ìró ṣíbí lára abọ́. Àwọn èèyàn ń jẹun nínú etí mi. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń ní kí wọ́n na nǹkan sí àwọn lórí tábìlì, orin ijó tí Johann Strauss kọ nípa odò Danube sì ń lọ lábẹ́lẹ̀ bí ìgbà tí rédíò ń sọ̀rọ̀ nílé àwọn ọlọ́lá.

Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ní São Paulo, ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì, lọ́dún 1968, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan jókòó nínú sítúdíò, wọ́n sì pinnu pé àwọn máa jẹ́ kí orin àwọn kú lójú agbo, kí ẹni tó ń gbọ́ ọ dìde lọ wo ẹ̀rọ rẹ̀.

Os Mutantes lorúkọ ẹgbẹ́ náà. Lédè Potogí, àwọn ẹ̀dá tí ara wọn ti yí kúrò bí wọ́n ṣe dá a ni orúkọ yẹn ń tọ́ka sí. Inú ìwé ìtàn àròsọ kan nípa irú àwọn abàmì ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Akọrin Ronnie Von ló ń ka ìwé náà lọ́wọ́, òun ló sì dá a lábàá fún wọn kí wọ́n tó jáde lórí ètò tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lọ́dún 1966.

Àwo mẹ́ta àkọ́kọ́ wọn, ti 1968, ti 1969 àti ti 1970, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ nípa wọn ni pé ọmọ Bràsíìlì tó ń sín Beatles jẹ ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Lóòótọ́, wọ́n fẹ́ràn Beatles dọ́kàn, wọn ò sì fi pamọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ́tí sí àwọn àwo yìí, ilé kan ni mo máa ń gbọ́. Mo máa ń gbọ́ ìyá tó ń tẹ dùùrù ní pálọ̀, ẹ̀gbọ́n tó ń fi òjé gbígbóná lẹ wáyà pọ̀ ní yàrá ẹ̀yìn, àti àwọn àbúrò tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún pé kí wọ́n dákẹ́.

Ilé náà wà ní àdúgbò Pompeia ní São Paulo. Clarisse Leite Dias Baptista, ìyá ilé, gbajúmọ̀ atẹdùùrù ni, ó sì máa ń kọ orin sílẹ̀ fún dùùrù. César, baálé ilé, òǹkọ̀wé àti akéwì ni. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n bí: Cláudio César, Arnaldo àti Sérgio. Arnaldo ń ta gìtá báàsì, ó sì ń tẹ dùùrù. Sérgio, àbíkẹ́yìn, ti sọ gìtá di ẹ̀yà ara rẹ̀ láti kékeré. Cláudio César, àkọ́bí, wà nínú ẹgbẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ló gbà á lọ́kàn. Gìtá òkè òkun wọ́n ju ẹ̀mí lọ ní Bràsíìlì nígbà náà. Cláudio bá jókòó, ó gbẹ́ gìtá fún àbúrò rẹ̀. Ó ṣe ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde. Ó ṣe àwọn àpótí kéékèèké tí wáyà gìtá máa ń gba inú wọn kọjá, tí ohùn rẹ̀ á sì há, á máa kùn bí oyin tí wọ́n dé mọ́nú agolo. Ó tú mọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì fi í ṣe ẹ̀rọ mìíràn tó ń yí ohùn gìtá po.

Ọ̀kan wà lára àwọn gìtá tó ṣe, Gìtá Oníwúrà ni wọ́n ń pè é, torí pé wọ́n fi wúrà bo àwọn irin ara rẹ̀. Cláudio kọ èpè sí i lára. Èpè gidi ni: ẹni tó bá jí gìtá náà, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa, ẹni tó bá ṣe irú rẹ̀ láìgbàṣẹ, agbára ibi ni yóò máa lé onítọ̀hún kiri títí yóò fi di tiwọn pátápátá, gìtá yóò sì padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Nígbà tí mo kà á, mo ní ọ̀gbẹ́ni yìí mọ iyì iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ tiwa náà kò fi ohun èlò wọn ṣeré.

Ẹnì kẹta ni Rita Lee Jones. Ọmọ oníṣègùn eyín ni. Ìran bàbá rẹ̀ jẹ́ ara àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tó ṣí lọ sí Bràsíìlì lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé wọn, ìyá rẹ̀ sì wá láti ìdílé ará Ítálì. Rita ń kọrin, ó ń fun fèrè, ó ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kékeré, ó sì ń fa aṣọ ìtàgé wọ̀ bí ọmọdé tó wọ inú àpótí aṣọ ìyá rẹ̀. Nígbà tí àwo àkọ́kọ́ wọn jáde ní June 1968, ọmọ ogún ọdún ni Rita, Arnaldo jẹ́ ọmọ 19, Sérgio kò tíì pé 18.

Kí àwo yẹn tó jáde, gìtá oníná ti dá ìjà sílẹ̀ ní Bràsíìlì. Àwọn ológun ti gba ìjọba láti 1964. Lójú ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá ológun jà, orin ìbílẹ̀ lohun ìjà, Amẹ́ríkà ló sì ni gìtá oníná. Ní July 1967, gbajúmọ̀ olórin Elis Regina àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ́de káàkiri São Paulo láti tako gìtá oníná. Olórin Gilberto Gil, ọmọ ìpínlẹ̀ Bahia, wà nínú ìwọ́de náà. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀, ní October, Gil yìí kan náà gun orí ìtàgé níbi ìdíje orin tẹlifíṣọ̀n Record, ó kọ "Domingo no Parque", àwọn ọmọ Os Mutantes sì dúró tì í pẹ̀lú gìtá oníná lọ́rùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìtá yẹn ni berimbau wà, ọrun olókùn kan tí àwọn ẹrú Áfíríkà gbé wọ Bràsíìlì, tí wọ́n fi ń jó capoeira. Rogério Duprat, tó ti lọ kọ́ nípa orin ìgbàlódé ní Yúróòpù, ló to ohùn wọn pọ̀. Ipò kejì ni wọ́n ṣe. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Tropicália ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí: Gil, Caetano Veloso, Gal Costa, Tom Zé, Duprat, àti àwọn ọ̀dọ́ Pompeia wọ̀nyí.

Àwọn Tropicália ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n jogún lọ́dọ̀ òǹkọ̀wé Oswald de Andrade, tó kọ ìwé kan lọ́dún 1928 pé kí ọmọ Bràsíìlì máa jẹ àjèjì bí ajènìyàn ṣe ń jẹ ọ̀tá rẹ̀: kó jẹ ẹ́, kó dà nínú rẹ̀, kó di ẹran ara òun. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti kọ ìwé rẹpẹtẹ lórí èyí. Ní tèmi, àpótí wáyà tí Cláudio César ṣe ni mo fi mọ ohun tó ń sọ. Ohùn gìtá tó há yẹn ti jáde ní London àti California. Cláudio gbọ́ ọ, kò sì lówó tàbí ọ̀nà láti rà á. Ó ní kí wọ́n fún òun láyè. Ohun tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀ kò jọ ti London. Ó le jù ú lọ, ó ya wèrè jù ú lọ.

Ẹ gbọ́ ọ nínú "A Minha Menina", orin kejì nínú àwo 1968. Jorge Ben ló kọ ọ́ fún wọn, òun fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tó ń ta gìtá onígi. Ọwọ́ Jorge Ben nìkan ti tó ijó: ó ń gún un bí ẹni tó ń gún iyán, kò yára, kò sì dúró. Àtẹ́wọ́ ń lọ, ẹ̀rín ń lọ. Gìtá Sérgio wá já wọ àárín wọn bí alùpùpù tó já wọ agbo ìgbéyàwó. Ó yẹ kó ba gbogbo nǹkan jẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, àwọn tó wà ní agbo yà fún un, wọ́n sì jọ ń jó. Mi ò tíì rí ẹni tí mo fi orin yìí hàn tí èjìká rẹ̀ ò mì.

Àwo àkọ́kọ́ yìí kún fún irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Orin "Adeus, Maria Fulô", tí Humberto Teixeira àti Sivuca kọ, ti agbègbè Àríwá Ìlà-Oòrùn Bràsíìlì ni; wọ́n kọ ọ́ bí ẹni ń kọrin lójú àlá. Wọ́n mú orin The Mamas & the Papas kan, wọ́n sọ ọ́ di Potogí. Wọ́n mú "Le premier bonheur du jour", orin ìfẹ́ lédè Faransé tí Françoise Hardy ti kọ ṣáájú, Rita sì rọra mí i sétí wa. Lábẹ́ ohùn rẹ̀, ohun kan ń dún ṣìì, ṣìì, ṣìì, níbi tó yẹ kí onílù máa tẹ àwo idẹ méjì pọ̀. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí n tó mọ ohun tó jẹ́. Ìfọ́n oògùn ẹ̀fọn ni! Irú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ tì, tí àwọn àgbà wa ń pè ní Flit, tí agolo máa ń wà lábẹ́ imú rẹ̀. Wọ́n gbé e síwájú maikirofóònù, wọ́n ń tì í, wọ́n sì fi ń ka ìgbésẹ̀ orin. Gbogbo ilé ní ọ̀kan. Àwọn nìkan ló gbọ́ pé ìlù wà nínú rẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ sídìí "Bat Macumba", torí pé ó kàn wá.

Gil àti Caetano ló kọ ọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni gbogbo orin náà. Wọn yóò kọ ọ́ tán, wọn yóò gé sílébù kan kúrò ní ìparí rẹ̀, wọn yóò tún kọ ọ́, wọn yóò tún gé e, títí yóò fi ku sílébù kan péré. Lẹ́yìn náà, wọn yóò máa dá a padà lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbólóhùn yóò fi pé. Bí o bá kọ ọ́ sórí ìwé, á tínrín láàárín, á gbòòrò lókè àti nísàlẹ̀, bí ìyẹ́ àdán. Àwọn akéwì São Paulo kan wà nígbà náà tó gbà pé ojú náà ń ka ewì bí etí ṣe ń gbọ́ ọ, ìran wọn ni orin yìí ti wá. Bí wọ́n sì ṣe ń gé e lọ, orúkọ Batman, akọni inú ìwé àwòrán Amẹ́ríkà, á yọ jáde láàárín ọ̀rọ̀ macumba.

Macumba ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní Bràsíìlì ń pe ẹ̀sìn àwọn aláwọ̀ dúdú, èébú sì ni lẹ́nu púpọ̀ nínú wọn, bí ìgbà tí ẹnì kan bá pe babaláwo ní oníṣẹ́ ibi. Ọ̀dọ̀ àwọn Bantu ni wọ́n sábà máa ń tọpa ọ̀rọ̀ náà lọ. Ṣùgbọ́n ìró tó kẹ́yìn nínú gbólóhùn náà ni "obá". Ọmọ Yorùbá kankan kò lè gbọ́ ìyẹn kó kọjá lọ. Ọba ni? Ọbà ni, aya Ṣàngó, odò tó kọjá nílẹ̀ wa, òrìṣà tí wọ́n ń bọ ní ìlú Salvador ní Bahia títí dòní? Ní ojúbọ Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá ní ìlú yẹn, "Obá" jẹ́ oyè tí wọ́n ń fi àwọn ọ̀rẹ́ Ṣàngó jẹ. Òǹkọ̀wé Jorge Amado jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti ré òkun kọjá, ohùn orí rẹ̀ ti yí, a ò lè fi àmì ohùn mú un mọ́. Gil àti Caetano, ọmọ Bahia méjèèjì, mọ ibi tó ti wá.

Ǹjẹ́ àwọn ọmọ Pompeia mọ̀? Ọmọ òyìnbó São Paulo ni wọ́n, ilé wọn jìnnà sí ojúbọ. Ìbéèrè yìí dà mí láàmú fún ìgbà pípẹ́, torí pé mo ti gbọ́ orin àwọn tó sọ orúkọ òrìṣà di ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Nígbà tí mo gbọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ọkàn mi balẹ̀. Ìlù ló ṣáájú, gìtá Sérgio ń ké lé e lórí bí ẹyẹ, wọ́n sì ń pe gbólóhùn yẹn ní àpètúnpè, láìrẹ́rìn-ín, láìyẹ̀, bí ìgbà tí àwọn èèyàn bá ti pe nǹkan títí tí orí wọn ti fẹ́ gbà á. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi bú àwọn baba ńlá wa tó dé Bahia nínú ọkọ̀ ẹrú, òun ni wọ́n fi ṣe orin tí gbogbo ọ̀dọ́ ń kọ tẹ̀ lé. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì kù síbi kan. Ní 1977, Gil àti Caetano wá sí Èkó fún FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú. Gil padà sílé, ó gbé àwo Refavela jáde lọ́dún yẹn, ìran Ṣàngó àti Aganjú sì wà nínú orin rẹ̀ "Babá Alapalá". Caetano kọ orin kan tó sọ lórúkọ owó wa, "Two Naira Fifty Kobo". Lọ́dún 1977 yẹn kan náà, Gil àti Rita Lee jùmọ̀ ṣeré káàkiri, wọ́n sì gba eré náà sílẹ̀ sínú àwo tí wọ́n pè ní Refestança.

Ẹ jẹ́ ká padà sí 1968. Ní September, Caetano gbé orin "É Proibido Proibir" lọ sí ìdíje kan ní gbọ̀ngàn TUCA, ní yunifásítì kan ní São Paulo, àwọn Os Mutantes sì ń lù fún un. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ hó lé wọn lórí. Wọ́n sọ ẹyin àti tòmátò lù wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dìde, wọ́n kẹ̀yìn sí orí ìtàgé. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta náà wò wọ́n, àwọn náà yípadà, wọ́n kẹ̀yìn sí èrò, wọ́n sì ń bá orin lọ. Caetano gba maikirofóònù, ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà wí kíkan kíkan. Ẹ wò ó: àwọn tó ń hó yẹn kórìíra ológun, àwọn tó wà lórí ìtàgé náà kórìíra ológun. Gìtá ló là wọ́n láàárín.

Ológun ní tiwọn kò ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù December, wọ́n gbé òfin tí wọ́n ń pè ní AI-5 jáde, òfin tó ti ilé aṣòfin pa, tó sì so gbogbo ẹnu. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti mú Gil àti Caetano. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n lé wọn lọ sí London. Àwọn Os Mutantes ṣẹ́kù sílé láìsí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn nínú orin.

Àwo kejì, Mutantes, jáde lọ́dún 1969. Lójú àwo, Rita wọ aṣọ ìyàwó. Lẹ́yìn àwo náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ẹ̀dá òfurufú, orí wọn pá kodoro. Dinho Leme ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù fún wọn. Àwo yìí kò ṣọ̀kan bí ti àkọ́kọ́. Orin kan wà níbẹ̀, "Algo Mais", tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún ìpolówó epo, mo sì máa ń fò ó kọjá. Ṣùgbọ́n "Dia 36" wà níbẹ̀, níbi tí ohùn ti ń wá bí ẹni tó ń kọrin nísàlẹ̀ odò, tí ìgbì ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀. "2001" náà wà níbẹ̀, èyí tí Rita àti Tom Zé kọ. Àwọn ará oko São Paulo ní bí wọ́n ṣe ń fi imú kọrin pẹ̀lú gìtá ìgbèríko wọn. Bí wọ́n ṣe kọ orin yìí nìyẹn, ohùn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti oko. Arìnrìn-àjò ojú òfurufú ni àgbẹ̀ yìí sì ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Bó bá kọ ọ́ díẹ̀, ìlù á yí, iná á ràn, wọ́n á gbéra kúrò láyé. Wọ́n ti kọ ọ́ lójú èrò ní 1968, kí ẹsẹ̀ ọmọ aráyé tó kan òṣùpá ní July 1969.

Lọ́dún 1970 ni ẹ̀kẹta dé: A Divina Comédia ou Ando Meio Desligado. Lójú àwo, wọ́n ya àwòrán tó tẹ̀ lé iṣẹ́ Gustave Doré lórí ìwé Dante nípa ọ̀run àpáàdì, níbi tí òkú kan ti dìde láti inú sàréè rẹ̀. Wọ́n ti dàgbà, orin náà sì ti wúwo. Èyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, "Ando Meio Desligado", ni mo rò pé ó dára jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe. Gìtá báàsì ló ń rìn ṣáájú, ó ń yọ́ rìn bí olóńgbò lórí òrùlé. Rita ń sọ̀rọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbi tí ara rẹ̀ wà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ilẹ̀ mọ́, torí ìfẹ́. Ní ìparí, gìtá Sérgio gba gbogbo àyè, ó sì sọ ohun tí Rita ò rí ẹnu sọ.

Orin mìíràn wà nínú rẹ̀ tó bí ọ̀pọ̀ àgbà nínú, "Chão de Estrelas". Orin ìfẹ́ àtijọ́ ni, ti 1937, tí Sílvio Caldas àti Orestes Barbosa kọ, ohun iyì ni fún àwọn ará Bràsíìlì. Os Mutantes kọ ọ́ bí ìyá àgbà ṣe mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kan bá ti jáde, ìró ohun tí wọ́n dárúkọ á dún lẹ́yìn rẹ̀, ariwo á máa gorí ariwo. Nígbà àkọ́kọ́, inú bí èmi náà. Mo ní ọmọ wo ló ń fi orin àgbà ṣeré báyìí? Mo tún un gbọ́. Arnaldo ò yẹ ohùn kan nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ orin náà dénú ló lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ti gbọ́ ọ títí ní pálọ̀ ilé, tó sì wá ń rí gbogbo àwòrán inú rẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń rí i. Nínú àwo yìí náà ni Rita ti ké bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nítorí pé fíríìjì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò gùn ún sọ. Rita kúrò ní 1972, ó sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká jù lọ nínú àwọn akọrin rọ́ọ̀kì Bràsíìlì. Arnaldo kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ó dá nìkan ṣe àwo Lóki? ní 1974, àwo ẹni tó wà nínú ìrora. Sérgio ń bá orúkọ ẹgbẹ́ lọ títí di 1978, pẹ̀lú orin gígùn tí mi ò fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Àwo wọn ń kiri lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ wọ́n. Nígbà tí Kurt Cobain ti ẹgbẹ́ Nirvana dé Bràsíìlì ní 1993, ó ra àwo wọn, ó sì kọ lẹ́tà sí Arnaldo. Ní 1999, David Byrne ṣa orin wọn jọ sínú àwo kan fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Ní May 2006, Arnaldo àti Sérgio tún dúró pọ̀ lórí ìtàgé Barbican ní London, Zélia Duncan ló kọ ohùn Rita. Rita kò bá wọn lọ. Ó kú ní ọjọ́ 8 oṣù May, 2023.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo gbọ́ ìròyìn ikú rẹ̀, àbúrò mi wà lọ́dọ̀ mi. Kò gbọ́ Os Mutantes rí. Mi ò ṣàlàyé kankan fún un. Mo ki àfikétí bọ̀ ọ́ létí, mo tẹ orin Faransé yẹn, mo sì jókòó, mo ń wo ojú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ fóònù. Rita bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi dijú. Ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó lajú, ó yọ àfikétí kan, ó kọjú sí fèrèsé, ó ń tẹ́tí sí ìta.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń fín oògùn ẹ̀fọn lóru yìí?"